Àtùpà Gáàsì àti Èéfín Agbogbloshie

Bí a bá dárúkọ iná ìgboro, iná mànàmáná ni ọkàn wa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n kí iná mànàmáná tó dé, iná gáàsì ti lé òkùnkùn kúrò ní òpópó ọ̀pọ̀ ìlú ńlá.

Ní ọdún 1807 ni wọ́n fi iná yìí han àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ní òpópó Pall Mall. Èédú ilẹ̀ ni wọ́n ń yan nínú ìkòkò irin tí a dé pa. Gáàsì tí ó bá jáde ni wọ́n ń fi ọ̀pá gbà lábẹ́ ilẹ̀ lọ sí orí òpó. Ní 1826 ó dé Berlin. Ní 1885, Carl Auer von Welsbach, ọmọ ilẹ̀ Austria, ṣe àwọ̀n kékeré kan tí ń mú kí iná náà mọ́lẹ̀ rokoṣo. Irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú àtùpà gáàsì tí àwọn bàbá wa ń gbé kọ́ sí òde àríyá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé epo kẹrosíìnì ni tiwa ń jó.

Iná mànàmáná tàn ní Èkó ní 1898. Ìjọba Gold Coast bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè rẹ̀ fún Accra ní 1922. Síbẹ̀, àtùpà gáàsì tí ó ṣẹ́kù ní Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bí 1,500, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà tí ń gun àkàbà láti tún wọn ṣe. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Westminster pète ní 2021 láti fi iná mànàmáná rọ́pò 299 nínú wọn, àwọn ará ìlú fárígá. Ní 2022, ìgbìmọ̀ náà gbà pé kí ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró.

Ní ọdún 2021 kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní Accra. Ní Agbogbloshie, lẹ́bàá odò Odaw tí ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Korle, àwọn ọ̀dọ́ ti ń tú rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Púpọ̀ nínú ẹrù náà jẹ́ tòkunbọ̀ láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Wọn a sun rọ́bà ara wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Èéfín àti òjé a sì wọ inú ilẹ̀ àti ara ènìyàn. Gánà ti ṣe òfin lórí irú pàǹtírí yìí ní 2016. Ní oṣù Keje 2021, ìjọba wó ọgbà náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parun; ó fọ́n ká sí àwọn àdúgbò ìtòsí.

A kò sọ pé kí a padà sí iná gáàsì; owó rẹ̀ pọ̀, ìyọnu rẹ̀ kò kéré. Ohun tí a ń wí ni pé àtùpà àtijọ́ wọ̀nyí pẹ́ láyé nítorí pé wọ́n ní olùtọ́jú. Ẹrù tiwa kò ní. Nígbà tí ó bá kú, ọmọ tálákà ni ń fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sìn ín. Ìlú tí ó bá ń ra iná titun, kí ó kọ́kọ́ ro ibi tí òkú ti àtijọ́ yóò sùn.