Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni: Ìtàn Pátákó Ìròyìn Iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Lóde òní, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńláńlá ti fi owó ra irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá yóò wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, yóò ṣí kọ̀ǹpútà, yóò sì rí iye ọjà tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tà, iye owó tí ó wọlé àti iye àwọn oníbàárà tí ń ráhùn. Ohun tí ó ń wò ni wọ́n ń pè ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibi tí ó ti ń wò ó ni íntránẹ́ẹ̀tì, èyí tí í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ kan dá ní fún ara rẹ̀, tí ará ìta kò lè wọ̀. Mo fẹ́ tọ ìtàn pátákó yìí láti ìpìlẹ̀ wá, nítorí ìtàn rẹ̀ ń kọ́ wa ní ohun kan tí àwọn tí ń tà á kì í sọ: ẹni tí ìròyìn kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó sì ní àyè láti fèsì, ni a ó fi mọ̀ bóyá pátákó náà yóò tún iṣẹ́ ṣe tàbí yóò bà á jẹ́.

Èdè ni iṣẹ́ tí mo wá kọ́ ní Yunifásítì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà. Kí mọ́tò tó dé, ẹṣin ni ó ń fa kẹ̀kẹ́ èrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Bí ẹṣin bá ń sáré, pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa ta ẹrẹ̀ sẹ́yìn sí aṣọ àwọn èrò. Àwọn káfíńtà wá gbé pákó kan dí iwájú kẹ̀kẹ́ náà. “Dash” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe kí nǹkan ta sí ni lára báyìí, “board” sì ni pátákó. Bí ọmọ Yorùbá yóò bá sọ ọ́, yóò ní pátákó ni ó gba olówó lọ́wọ́ pátákò. Láti nǹkan bí ọdún 1846 ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mọ́tò dé, wọ́n kan àwọn aago tí ń sọ eré ọkọ̀ àti epo mọ́ ojú pátákó kan náà, ibẹ̀ ni orúkọ náà sì gbà wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é fún ni kí ẹrẹ̀ ọ̀nà má baà kan ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ó tó ń fi nǹkan hàn. Títí di òní, iṣẹ́ méjèèjì ni ó ń ṣe pọ̀.

Rélùwéè ni ó kọ́kọ́ mú kí àwọn oníṣòwò wá irú nǹkan báyìí. Ní ọdún 1854, Daniel McCallum, ọmọ ilẹ̀ Scotland, di ọ̀gá tí ń mójú tó rélùwéè New York and Erie ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 máìlì. McCallum ṣàlàyé pé bí ọ̀nà kan bá jẹ́ 50 máìlì, ọ̀gá lè fi ojú ara rẹ̀ rí i tán, ṣùgbọ́n bí ó bá di 500, ojú kan kò tó o mọ́. Ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi wáyà tẹ ìròyìn ránṣẹ́ ní wákàtí wákàtí nípa ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dé, kí àwọn mìíràn sì máa kọ ìròyìn ojoojúmọ́ àti ti oṣooṣù. Ní ọdún 1855 ni wọ́n ya àwòrán ètò iṣẹ́ náà bí igi: àwọn olórí wà ní gbòǹgbò nísàlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà lórí ẹ̀ka. Nínú ètò náà, ọ̀gá ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni ó láṣẹ lórí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ẹkùn rẹ̀, nítorí òun ni ó sún mọ́ ọ̀ràn jù.

Àwòrán náà dára, ṣùgbọ́n ìbágbé wọn kò dára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn awakọ̀ ojú irin daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1854, wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1856, nítorí àwọn òfin líle tí McCallum ṣe. Ní ọdún 1857 ó fi ipò náà sílẹ̀. Wáyà lè sọ ibi tí ọkọ̀ wà fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ó wà nínú awakọ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, kọ̀ǹpútà dé. Ní ọdún 1958, Hans Peter Luhn, ọmọ Jámánì tí ń bá IBM ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ẹ̀rọ tí yóò máa ka ìwé, tí yóò sì máa pín in fún ẹ̀ka ilé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn. Orúkọ tí ó fún un, “business intelligence”, ni wọ́n ṣì ń pe irú iṣẹ́ yìí lónìí. Bákan náà, nígbà tí Tim Berners-Lee kọ àbá rẹ̀ ní CERN ní ọdún 1989, èyí tí ó di wẹ́ẹ̀bù tí gbogbo ayé ń lò, ìṣòro inú ilé ni ó fẹ́ yanjú: bí òṣìṣẹ́ bá ti lọ, ìmọ̀ a máa bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́ ni orílẹ̀-èdè Chile, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti bi ìbéèrè wa gan-an ní gbangba. Ní ọdún 1970, Salvador Allende di Ààrẹ, ìjọba rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sí abẹ́ ìṣàkóso rẹ̀. Bí wọn yóò ti máa mójú tó wọn ni ó di ìṣòro. Fernando Flores, ẹnjiníà ọmọ ọdún 28, kọ lẹ́tà ní oṣù keje ọdún 1971 sí Stafford Beer, onímọ̀ ètò iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kọkànlá, Beer ti dé Santiago. Cybersyn ni wọ́n pe iṣẹ́ náà.

Kọ̀ǹpútà kò pọ̀ ní Chile nígbà náà, nítorí náà wọ́n lo ẹ̀rọ tẹ́lẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ṣètò pé kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa tẹ iye ohun tí ó ṣe lójúmọ́ ránṣẹ́ sí Santiago, kí kọ̀ǹpútà sì fi í wé bí iṣẹ́ ti máa ń rí. Ohun tí ó wù mí jù lọ nínú ètò Beer nìyí: bí nọ́mbà bá yapa, kì í ṣe mínísítà ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ìròyìn yóò padà sí, wọn yóò sì fún un ní ìwọ̀n àkókò láti tún ọ̀ràn ṣe. Bí kò bá rí i ṣe ni ọ̀rọ̀ yóò tó gòkè.

Wọ́n tún kọ́ yàrá kan tí ó ní igun mẹ́fà, tí Gui Bonsiepe, ọmọ Jámánì, ṣáájú àwọn tí ó ya bátànì rẹ̀. Àga méje ni ó wà nínú rẹ̀, bọ́tìnnì wà ní apá àga kọ̀ọ̀kan, àwòrán iṣẹ́ sì ń hàn lára ògiri. Kò sí tábìlì, kò sí ìwé. Ẹni tí ó bá wọlé yóò rò pé kọ̀ǹpútà ni ó ń ya àwọn àwòrán náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ń yà wọ́n. Beer fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ṣàlàyé bí ilé iṣẹ́ wọn ti ń lọ, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọ̀gá ni àwọn ẹnjiníà tí wọ́n rán jáde lọ ń bá sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, àwọn onílọ́rì daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ní ilẹ̀ tí ó gùn tó nǹkan bí 4,300 kìlómítà, ìyà ńlá ni èyí. Yàrá alága méje kò tíì parí nígbà náà. Tẹ́lẹ́ẹ̀sì lásán ni ìjọba fi ń mọ ibi tí lọ́rì kù sí, ibi tí epo ti tán àti ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ń bi ara wọn léèrè, wọ́n sì ń dá ara wọn lóhùn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1973, àwọn ológun gba ìjọba, Allende kú, wọ́n sì ba yàrá náà jẹ́. Flores lo ọdún mẹ́ta ní àtìmọ́lé kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1986, òun àti Terry Winograd tẹ ìwé kan jáde, wọ́n sì fi yé wa pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń bá ara wọn sọ, ẹ̀bẹ̀ àti ìlérí wọn, ni ó gbé ilé iṣẹ́ ró. Mo rò pé ẹni tí ó la oṣù kẹwàá náà kọjá ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Ní ìsinmi kan mo ṣiṣẹ́ oṣù méjì ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Bí ẹ̀sùn oníbàárà bá ju ọjọ́ méjì lọ, àmì ẹ̀ka náà yóò pọ́n lójú pátákó, olú ilé iṣẹ́ yóò sì béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ̀ka náà tó rójú wo ọ̀ràn. Kí ni àwọn akọ̀wé ń ṣe? Bí ọjọ́ kejì bá ń parí lọ, wọn yóò ti ẹ̀sùn náà bí ẹni pé ó ti yanjú, wọn yóò sì ṣí i ní tuntun. Pátákó ń tutù bí ewé, oníbàárà sì ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Charles Goodhart, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kìlọ̀ ní ọdún 1975 pé òǹkà tí a bá fi ń darí àwọn ènìyàn kì í pẹ́ tí kò fi ní ṣeé gbára lé mọ́. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà yóò ṣe ìròyìn lóge kí ó tó jẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di akọ̀wé tàbí ọ̀gá lọ́la, tí yóò máa fi nọ́mbà ránṣẹ́ tàbí tí yóò máa gbà á. N kò sọ pé kí a fọ́ pátákó náà. Ẹni tí ó ní ẹ̀ka ogójì kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé gbogbo wọn lójúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kàn wá láti ṣètò irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìròyìn kọ́kọ́ padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni iṣẹ́, kí òun náà lè rí ohun tí ọ̀gá ń rí, kí àyè sì wà fún un láti kọ ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀gá sì dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí ẹ̀ka, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú olójú kò sì jọ ojú ẹni. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, pákó ìdènà ẹrẹ̀ ni ó gbé síwájú ara rẹ̀.