Àkójọ Ìtàn Kúkúrú Lórí Ẹbí Tó Ṣí Lọ Sókè Òkun

Àkójọ ìtàn kúkúrú lórí ẹbí aṣíkiri ni ìwé tí òǹkọ̀wé kan kó ìtàn mélòó kan jọ sí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dá lórí tọkọtaya, òbí àti ọmọ, tàbí ẹ̀gbọ́n òun àbúrò tó fi ìlú wọn sílẹ̀ lọ máa gbé nílẹ̀ mìíràn. Láti ọdún 2006 ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń gbé irú ìwé yìí jáde léraléra, pàápàá lórí Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Ohun tó so àwọn ìwé náà pọ̀ kọjá ọ̀rọ̀ òtútù àti ìṣẹ́ àjèjì. Ọ̀rọ̀ tí ará ilé ń fi pa mọ́ fún ara wọn nígbà tí òkun bá wà láàárín wọn ni wọ́n ń tú síta.

Ìpìlẹ̀

Yorùbá ti ń ṣe àtìpó kí ọ̀rọ̀ bàálù tó dé. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ìwó wà káàkiri ọjà ilẹ̀ Gánà, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Ọ̀pọ̀ ẹbí kó ọmọ padà wá sí ìlú tí àwọn ọmọ náà kò rí rí. Ní 1983, ó kan Nàìjíríà láti lé àwọn ará Gánà. Báàgì tí wọ́n fi kẹ́rù lọ ni a ń pè ní Ghana Must Go títí dòní.

Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP wọlé sí Nàìjíríà ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, olùkọ́, dókítà àti nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrí sí òkè òkun. Ní 1990, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó bí fíṣà lọ́tìrì. Púpọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé tí a ó dárúkọ nísàlẹ̀ yìí dàgbà sínú àsìkò náà.

Ìtàn kúkúrú bá ọ̀rọ̀ ẹbí aṣíkiri mu. Ẹbí tó ti fọ́n ká kì í ní ìtàn kan ṣoṣo: ohun tí ìyá ń rò nílé yàtọ̀ sí ohun tójú ọmọ ń rí lájò, ìwé kan náà sì lè gba méjèèjì láìjẹ́ pé wọ́n pàdé. Sam Selvon, ọmọ Trinidad, ti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Ways of Sunlight (1957), tí apá kan rẹ̀ wà ní Trinidad, tí apá kejì sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún kejì ni Bernard Malamud gbé The Magic Barrel jáde, níbi tó ti sọ̀rọ̀ àwọn Júù tó ṣí wá sí New York. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Interpreter of Maladies (1999), tí Jhumpa Lahiri kọ lórí àwọn ará Íńdíà nílé àti ní Amẹ́ríkà. Ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2000.

Àwọn ìwé ọmọ Nàìjíríà

Ẹ̀bùn Caine, tí wọ́n ń fún ìtàn kúkúrú ẹyọ kan tí ọmọ Áfíríkà kọ láti ọdún 2000, ló ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ wọn. Segun Afolabi, ọmọ aṣojú orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí ní Kàdúná, gbà á ní 2005 pẹ̀lú ìtàn ẹbí kan tí ogun lé dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2006 ni àkójọ rẹ̀, A Life Elsewhere, jáde.

Sefi Atta, tí wọ́n bí ní Èkó, gbé Lawless and Other Stories jáde nílé ní 2008. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Noma ní 2009. Ní 2010 ni News from Home jáde ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2009 náà ni Chimamanda Ngozi Adichie gbé The Thing Around Your Neck síta, pẹ̀lú ìtàn méjìlá, tí E. C. Osondu sì gba Caine. Voice of America ti Osondu tẹ̀ lé e ní 2010. Lẹ́yìn wọn ni Happiness, Like Water ti Chinelo Okparanta (2013) àti What It Means When a Man Falls from the Sky ti Lesley Nneka Arimah (2017), tó gba ẹ̀bùn Kirkus.

Àwọn kókó inú wọn

Owó ni ẹrù àkọ́kọ́. Nínú ìtàn kan tí Osondu kọ bíi lẹ́tà, ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ wí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fowó ránṣẹ́, òun kò rí nǹkan kan gbà. Ẹnu ìyá nìkan la gbọ́. A kò mọ ipò tí ọmọ wà, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtàn náà ti ń dunni.

Ìgbéyàwó àti ìwé ìgbélùú tẹ̀ lé e. Nínú “The Arrangers of Marriage” ti Adichie, Chinaza bá ọkọ tí wọ́n wá fún un lọ sí New York. Ọkọ yí orúkọ Chinaza padà sí Agatha Bell, ó sì ń tọ́ ọ sọ́nà lórí bí wọ́n ṣe ń pe bisikíìtì níbẹ̀. Nígbà tí òórùn ìrẹsì alágbọn tó sè gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkọ ra ìwé oúnjẹ Amẹ́ríkà wálé. Ẹ̀yìn náà ni aṣírí tú pé ọkọ ti fẹ́ obìnrin Amẹ́ríkà kan rí nítorí ìwé ìgbélùú.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wà nínú “Light” ti Arimah: bàbá ń dá ọmọbìnrin tọ́ ní Port Harcourt, ìyá ń kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì ń ti orí kọ̀ǹpútà ṣòfin fún ọmọ tí kò mọ̀ mọ́.

Ní ti ìgbàgbọ́, kò sí èyí tó ju “Miracle” ti Tope Folarin lọ. Ìtàn ẹyọ kan ni, ó sì gba Caine ní 2013. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Texas, pásítọ̀ afọ́jú kan yọ awò lójú ọmọkùnrin kan, ó gbàdúrà fún un. Ojú ọmọ náà kò là. Síbẹ̀ ó ní òun ti ń ríran, kí ìjọ má bàa rẹ̀wẹ̀sì.

Èdè àti ohun tó kù

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwé wọ̀nyí, ilé ìtẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù àti New York ló sì tẹ púpọ̀ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ èdè abínibí ni àwọn ẹbí yìí fi ń jà lórí fóònù, òun náà ni wọ́n fi ń purọ́ pé àlàáfíà wà. Àwọn alátìpó ààrin wa pẹ̀lú kò tíì rí ẹni sọ ìtàn wọn dáadáa. Alágbàṣe oko láti ìpínlẹ̀ Benue tàbí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó kó aya àti ọmọ wá sí abúlé ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lágbègbè Mọ́níyà, Ìjàyè tàbí Ìrókò, aṣíkiri ni òun náà. Òun náà ń fowó ránṣẹ́ sílé, ọmọ rẹ̀ sì ń sọ Yorùbá, èdè tí òbí kò gbọ́ tán.

Àjò kì í dùn kónílé má relé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Yorùbá kọ̀wé, ẹ kọ ìtàn ọmọ Mọ́níyà tó wà ní Manchester, kí ẹ sì kọ ti ọmọ alágbàṣe tó wà ní Mọ́níyà, kí àwọn méjèèjì wà nínú ìwé kan náà.