Ẹ̀hìn Tí Ó Di Ojú: Ìtàn Ẹ̀hìngbẹ̀tì ní Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀hìn. Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nípa orúkọ ibi, mo bi wọ́n léèrè ibi tí Ẹ̀hìngbẹ̀tì wà ní Èkó. Kò sí ẹni tí ó nawọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti dárúkọ Marina, gbogbo kíláàsì ni ó dáhùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibì kan náà ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé nínú orúkọ tí wọn kò mọ̀ yìí gan-an ni ìtàn òpópó náà fi ara pamọ́ sí.

Ìlú Èkó àtijọ́ kò kọjú sí ibi tí à ń pè ní Marina lónìí. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ojú ìlú, níbi tí Ìga Ìdúngànran, ààfin ọba, wà títí di òní olónìí. Etí ọ̀sà tí ó wà ní apá gúúsù erékùṣù náà, ẹ̀hìn ni. Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́ jẹ́rìí sí i, nítorí ẹ̀hìn ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Báwo wá ni ẹ̀hìn ṣe di ojú?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò ìbọn lé Èkó lórí. Wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852, Akítóyè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé òwò ẹrú ti dópin àti pé òwò mìíràn yóò máa lọ láìsí ìdíwọ́. Epo pupa àti èkùrọ́ ni òwò mìíràn náà. Àwọn oníṣòwò òyìnbó àti àwọn ọmọ Sàró tí wọ́n padà dé láti Sẹ̀rá Líónì nílò ibi tí ọkọ̀ ojú omi lè sún mọ́, etí ọ̀sà ni wọ́n sì gba ilẹ̀ sí. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́hìn náà ni John Glover, tí ó di gómìnà, tún ọ̀nà etí ọ̀sà náà ṣe, tí ó sì la Broad Street sí ẹ̀hìn rẹ̀. Ilé gómìnà wà níbẹ̀, ilé ìjọsìn wà níbẹ̀, ilé ìtajà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀hìn ti di ojú.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé òyìnbó nìkan ni ó tajà níbẹ̀ nígbà náà. Àwọn ọmọ wa bíi J. P. L. Davies àti R. B. Blaize jẹ́ gbajúmọ̀ oníṣòwò ní Èkó ayé ọjọ́un. Blaize yìí kan náà ni ó dá ìwé ìròyìn Lagos Times sílẹ̀ ní ọdún 1880. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá láti òkè òkun ń gba iṣẹ́ mọ́ oníṣòwò aládàáni lọ́wọ́. Ní ọdún 1929, àwọn méjì tí ó tóbi jù nínú wọn para pọ̀ di UAC.

Ohun tí ó tún yí iṣẹ́ òpópó náà padà ni ọ̀nà tí ẹrù ń gbà. Ní ọdún 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí gba orí afárá Carter láti Ìddó wá sí Ẹ̀hìngbẹ̀tì, nítorí pé Ìddó ni ọkọ̀ ojú irin ńlá ń dúró sí. Nígbà tí ó di ọdún 1926, èbúté tuntun ṣí ní Àpápá, ẹrù sì bẹ̀rẹ̀ sí yà sí ibẹ̀. Ní ọdún 1933, ọkọ̀ ojú irin kékeré náà kógbá sílé. Díẹ̀díẹ̀ ni Ẹ̀hìngbẹ̀tì ń fi iṣẹ́ ìkẹ́rù sílẹ̀ tí ó sì ń gba iṣẹ́ ìpàtẹ ọjà.

Ọdún 1948 ni UAC ṣí ilé ìtajà Kingsway síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n kì í dákẹ́ ìròyìn rẹ̀: aṣọ ilé ìwé, bàtà, ohun ìṣeré, oúnjẹ inú agolo, àti Bàbá Kérésìmesì tí àwọn ọmọdé ń tò lọ wò ní ìparí ọdún. Leventis, UTC àti Chellarams náà ní ilé ìtajà tiwọn ní agbègbè yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jọ mí lójú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà lára. Iye owó ti wà lára ọjà kí oníbàárà tó dé. Kò sí pé à ń ná an, kò sí ẹ̀ẹ̀kínní, kò sí èènì. Ẹni tí kò bá lè san án, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ.

Kò jìnnà síbẹ̀ rárá, ní Balógun àti ní Eréko, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà tajà. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ń bí iye owó. Kí Kingsway tuntun tó ṣí ni ọ̀nà méjì yìí ti forí gbárí. Nígbà ogun àgbáyé kejì, láti ọdún 1941, ìjọba amúnisìn fẹ́ máa dá iye lé oúnjẹ ní Èkó, wọ́n sì fi ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Pullen ṣe alábòójútó ètò náà. Àlímọ̀tù Pẹ̀lẹ́wùrà, ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko, tí ó jẹ́ aṣáájú Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọlọ́jà ní Èkó, kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún 1940, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá ìjọba fà á lórí owó orí obìnrin. Wọ́n tún dúró gbọn-in lórí ọ̀rọ̀ iye owó títí tí ètò Pullen fi wọlẹ̀ ní ọdún 1945. Pẹ̀lẹ́wùrà kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń dá iye lé ọjà ẹni, òun ni ó ni ọjà náà.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, Ẹ̀hìngbẹ̀tì tún pàwọ̀ dà. Òfin ọdún 1972 àti ti ọdún 1977 mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ àjèjì ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà. Àwọn báńkì kọ́ ilé àwọ̀ṣífìlà. Ní ọdún 1979, ilé ìbánisọ̀rọ̀ tí ó ní àjà méjìlélọ́gbọ̀n parí níbẹ̀. Iná sì jó o ní ọdún 1983. Wọ́n rọ yanrìn sí ọ̀sà, wọ́n la títì gba orí rẹ̀, omi sì jìnnà sí òpópó tí omi bí.

Lẹ́hìn náà ni ọwọ́ dẹ̀. Òfin ìkẹ́rùwọlé le ní ọdún 1982, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀ láti ọdún 1986. Ilé ìtajà tí ọjà rẹ̀ ń ti òkè òkun wá kò lè yè é bọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá. Ọ̀pọ̀ báńkì kọjá sí Victoria Island, àwọn olówó tẹ̀ lé wọn. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí, Kingsway ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ojú tún ń di ẹ̀hìn.

Balógun ńkọ́? Balógun kò lọ síbì kan. Iná jó o ní oṣù Kọkànlá ọdún 1919 kọ́, ọdún 2019 tí kò tíì jìnnà ni. Wọ́n gbá eérú kúrò, wọ́n sì tún pàtẹ. Kò ní ẹnu ọ̀nà, kò ní ògiri, òpópó kan ń gbà á lọ́wọ́ òmíràn. Èmi kò sọ pé kò ní àléébù: ibẹ̀ há, ó léwu, ẹni tí ó bá pàdánù ọjà nínú iná kò rí ẹni gbà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọjà tí a kà sí ẹ̀hìn ilé ìtajà ńlá ni ó gbẹ̀hìn ilé ìtajà ńlá, nítorí pé bí owó bá yí padà láàárọ̀, iye tí a ń fi ẹnu ná lè bá a yí kí ó tó di ọ̀sán.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin tún bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò wọ Ẹ̀hìngbẹ̀tì, ní àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́hìn tí ti àkọ́kọ́ kógbá sílé. Marina ni wọ́n kọ sára ibùdókọ̀ náà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì mi, Ẹ̀hìngbẹ̀tì ni a ó máa pè é, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé ẹ̀hìn ni ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa bi ara wọn léèrè, nígbàkigbà tí wọ́n bá rí ojú ìlú tí ó ń dán, pé kí ni ó wà lẹ́hìn rẹ̀.