Owó Kúrò ní Mápó, Oyè Kò Kúrò

Ìbàdàn tí ọkọ̀ kì í là já bọ̀rọ̀ lónìí, ọjà kan àti ilé tó yí i ká ni nígbà kan. Samuel Johnson, àlùfáà tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ṣàlàyé pé nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá Gbágùrá ṣì ń gbé ibẹ̀, ìlú náà kò ju ọjà àárín àti nǹkan bí ìdajì máìlì yí i ká lọ. Odi ìlú sì gba ibi tí mọ́ṣáláṣí gbogbogbò wà láyé Johnson kọjá. Ọjà yẹn là ń pè ní Ọjà'ba. Òkè tó wà lẹ́bàá rẹ̀ ni Mápó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ìbàdàn ṣe rí kó tó tóbi tó báyìí, kó má wulẹ̀ lọ jìnnà sí Ọjà'ba, Mápó, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnká.

Ní nǹkan bí 1829, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́ ìlú Òwu, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tí ogun Fúlàní ti lé kúrò nílé wá pàgọ́ síbẹ̀. Àwọn Gbágùrá ti fi ìlú sílẹ̀ sá lọ; ní 1830, wọ́n wà lára àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ Abẹ́òkúta dó. Àwọn tó pàgọ́ kò bá ti ilé kíkọ́ wá. Ibùdó ogun ni wọ́n ń wá, ilẹ̀ ibẹ̀ sì bá wọn lára mu. Ọ̀wọ́ òkè kan gùn gba àárín ìlú kọjá, Mápó àti Òkè Ààrẹ wà lára wọn, ẹni tó bá sì gun orí rẹ̀ á tètè rí ọ̀tá lókèèrè. Igbó wà níhà gúúsù, ọ̀dàn wà níhà àríwá. Ẹlẹ́ṣin Ìlọrin tó ń fi ẹṣin ṣẹ́gun ní ọ̀dàn kì í gbádùn ogun inú igbó. Omi kò sì jìnnà, Kúdẹtì àti Ògùnpa ń ṣàn nísàlẹ̀.

Ọmọ ogun tí kò níṣẹ́ ogun, ìjà ni yóò máa bá ará ilé jà. Máyẹ̀ Okùnadé, ará Ifẹ̀, ló kọ́kọ́ jẹ́ olórí ibùdó náà, ó sì le bí ojú ẹja. Aáwọ̀ lórí ìkòkò kan ló bẹ̀rẹ̀ ohun tó wá di ogun Gbánámú. Nígbà tí ogun yẹn fi máa parí, Máyẹ̀ ti kú, ìlú sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Ọ̀yọ́. Nínú wọn ni Olúyọ̀lé ti gòkè, tó di Baṣọ̀run, tó sì wà nípò títí ó fi kú ní 1847. Abẹ́ rẹ̀ ni Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Ìbà ni wọ́n ń pè é, òun ni ọjà náà sì ń jẹ́ orúkọ mọ́ títí dòní. Àgbẹ̀ paraku ni jagunjagun yìí pẹ̀lú: oko ilá rẹ̀ lọ́tọ̀, ti ẹ̀wà lọ́tọ̀, ti àgbàdo lọ́tọ̀, ti iṣu lọ́tọ̀.

Ibi tí ológun kọ̀ọ̀kan bá pàgọ́ sí ló di agbo ilé rẹ̀. Ìbíkúnlé wà ní Ayéyé, Ààrẹ Látòósà wà ní Òkè Ààrẹ. Ìyàwó, ọmọ, ìwọ̀fà, ẹrú, ẹni tógun lé wá sá di bàbá, ara ilé bàbá ni gbogbo wọn ń kọ́lé mọ́. Ara ògiri kan ni wọ́n ti ń fa òmíràn yọ. Bó ṣe di pé ilé há mọ́lé nìyẹn, tí èèyàn á fi máa gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé kan kó tó dé ilé ẹlòmíràn, tí ọkọ̀ panápaná á sì fi dúró sí títì bí iná bá ń jó láàárín ilé.

Oyè wọn náà, ti ibùdó ogun ni. Kò sí ìdílé tó lè sọ pé tòun ni ìtẹ́. Mógàjí, ìyẹn olórí agbo ilé kan, á wọ ìlà oyè, yálà ti Olúbàdàn tàbí ti Balógun, bí ẹni tó wà lókè bá sì kú, ẹni tó tẹ̀ lé e á sún sókè. Ìlà méjèèjì ló ń gbé oyè Olúbàdàn, ìyẹn oyè olórí ìlú, fún ara wọn. Ètò yìí gbọ̀wọ̀ nítorí pé kì í dá ìjà ìdílé ọlọ́ba sílẹ̀, àmọ́ àgbàlagbà kùjọ́kùjọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń jẹ́ kó tó kàn wọ́n.

Ìbàdàn ló ń fi àjẹ́lẹ̀ sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tẹ́lẹ̀. Ìnilára àwọn àjẹ́lẹ̀ yẹn wà lára ohun tó fa ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ní 1893, ó kan Ìbàdàn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Èkó, Captain Bower sì wá jókòó tì wọ́n bí àjẹ́lẹ̀ aláwọ̀ funfun. Ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 fi ṣèrántí rẹ̀ ṣì wà lórí Òkè Ààrẹ. Láyípo ni ará ìlú sọ ọ́, nítorí àtẹ̀gùn tó ń yí po nínú rẹ̀.

Ohun tó gba owó lọ́wọ́ Ọjà'ba ni rélùwéè. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn láti Èkó, ìsàlẹ̀ níhà ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n sì kọ́ ibùdókọ̀ rẹ̀ sí. Ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó, àwọn Kòrá tó ń ta aṣọ, báńkì, gbogbo wọn rọ́ lọ sí Gbági àti Dùgbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1965 tí wọ́n parí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, kò sí iyèméjì mọ́ nípa ibi tí owó wà.

Síbẹ̀, nígbà tí òyìnbó fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, kò kọ́ ọ sí Dùgbẹ̀. Ní 1925, Captain William Ross, Àjẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́, fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lórí òkè Mápó. Taffy Jones ni ẹnjiníà tó ya àwòrán rẹ̀, tó sì bójú tó iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 1929 ni Gómìnà Graeme Thomson ṣí i. Ilé ràgàjì ni, ó ní òpó ńláńlá níwájú bíi ti Róòmù àtijọ́, ó yọ lórí páànù dídógùn-ún gbogbo ìlú. Ọ̀rẹ́ Aláàfin Ládìgbòlù ni Ross, abẹ́ Ọ̀yọ́ ló sì fẹ́ kí Ìbàdàn wà. Ọdún tó fi òkúta ìpìlẹ̀ yẹn lélẹ̀ gan-an ni wọ́n yọ Ṣítù, Baálẹ̀ Ìbàdàn, ọmọ Látòósà, lóyè. Bí a bá wò ó dáadáa, ilé tí wọ́n fẹ́ fi kápá ìlú ni wọ́n kọ́, ìlú ló padà gbà á lò. Ìbàdàn bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́ ní 1934. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Baálẹ̀ Aleṣinlóyè di Olúbàdàn.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ bá Ìbàdàn sọ̀rọ̀, Mápó ló ń lọ. Adégòkè Adélabù, tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, di alága ìgbìmọ̀ ìlú níbẹ̀ ní 1954. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwe àti ẹ̀fẹ̀ mú ọ̀pọ̀ èrò jí gìrì, nígbà tó sì kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù Kẹta 1958, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí owó orí wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn ní 1968, tí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà bẹ̀rẹ̀, Mápó tí wọ́n mọ̀ sí ilé agbowó-orí ni wọ́n yan lọ.

Ọjà'ba kò kú. Ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀, kàn-ìn-kàn-ìn, igbá, ìlẹ̀kẹ̀, àti àwọn lẹ́kùlẹ́jà tó ń ta egbò, ewé àti èèpo igi. Ọjà tí ẹnikẹ́ni kì í wọkọ̀ òfuurufú wá rà ni, àmọ́ ará Ìbàdàn tó bá fẹ́ ṣe ìkómọ tàbí ìsìnkú mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ọba Rashidi Ládọjà ti ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ rí, Agodi sì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà nígbà náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2025 tí wọ́n dé e ládé Olúbàdàn, gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n ti ṣe é.