Àjàní Ògún: Eré Ìfẹ́ tí ó Gbé Ẹjọ́ Ilẹ̀ Dání

Ẹni tí ó bá ń pìtàn sinimá Yorùbá tí kò dárúkọ Àjàní Ògún, àbọ̀ ìtàn ni ó pa. Ní ọdún 1976 ni eré náà jáde. Ọlá Balógun, ẹni tí ó ti fi èdè Ìgbò ṣe Amadi ní 1975, ni ó darí rẹ̀. Adé Afọláyan, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Adé Love, ni ó ṣe Àjàní. Dúró Ládiípọ̀, tí Ọba Kò So ti sọ di olókìkí, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó kà á sí sinimá gígùn àkọ́kọ́ tí a fi èdè Yorùbá ṣe.

Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Àjàní, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ, dojú kọ olówó kan tí í ṣe olóṣèlú oníwà ìbàjẹ́, kí ó lè gba ogún ilẹ̀ rẹ̀ àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ padà. Orin, ijó àti ẹ̀fẹ̀ ni a fi gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn òṣèré orí ìtàgé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tí a gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, níbo ni yóò mú ìyàwó rẹ̀ wọ̀? Ìdí nìyí tí a kò fi lè ya ìfẹ́ nípa kúrò lára ìjà ilẹ̀ nínú eré náà.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1976 kan náà ni ìjọba ológun ṣe òfin tí ó fi Àbújá ṣe olú-ìlú tuntun. Àwọn Gbàgyí ni ó ti ń dáko ní Garki kí ọ́fíìsì àti òpópónà tó débẹ̀. Lóòótọ́, òfin ìjọba yàtọ̀ sí ìwà olóṣèlú inú eré. Síbẹ̀, Yorùbá tí ń gbé Garki, tí ó bá wo Àjàní Ògún lónìí, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni a ti ń béèrè pé ta ni ó ni ilẹ̀ baba ẹni.

Eré yìí ṣílẹ̀kùn fún àwọn mìíràn. Adé Love gbé Ìjà Òmìnira jáde láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Hubert Ògúndé ṣe Aiyé ní 1979. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, sì ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Balógun ni ó darí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Owó ńlá ni a fi ń ṣe fíìmù nígbà náà, ẹ̀dà rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ohun tí kò pọ̀ kì í pẹ́ sọnù. Dúró Ládiípọ̀ kú ní 1978, Adé Love sì tẹ̀ lé e ní 1996. Àwọn tí ó jókòó wo eré náà nígbà tí ó jáde ti di àgbàlagbà. Kí olùkọ́ èdè Yorùbá tètè lọ bá wọn, kí ó kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Bí etí bá kú tán, ta ni yóò sọ bí ẹ̀rín náà ti dún?