Rọpárọsẹ̀ Kì í Ṣe Àrùn Àgbà Nìkan

Bí rọpárọsẹ̀ bá dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀ ní Òkè-Àgbè, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ará ilé ń fura sí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ a di ọwọ́ ayé.

Àwọn oníṣègùn kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 1973 sí 1975, Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, Ọládípọ̀ Akínkúgbé ọmọ Oǹdó, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ka àwọn tí àrùn náà kọlù ní Ìbàdàn: ènìyàn 26 nínú 100,000 lọ́dún. Ohun tí a bá lè kà, a lè wá ìdí rẹ̀.

Ṣáájú èyí, ní 1936, Bargen àti Barker ti Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa àwọn tí egbò ìfun ń yọ lẹ́nu, tí ẹ̀jẹ̀ ń dì nínú iṣan wọn. Bí ìfun bá wú pẹ́, ẹ̀jẹ̀ a máa tètè dì. Bí ó bá dí iṣan ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn, ìbáà ṣe ọmọ ogún ọdún.

Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò gbọdọ̀ fi mọ sórí agbo jẹ̀díjẹ̀dí. Bí ẹnu bá sì ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, ilé ìwòsàn ló kàn, lójú ẹsẹ̀.