Fọ́tò Pálọ̀ ní Awo àti Ẹdẹ: Bí Àwọn Àgbà Ṣe Fẹ́ Kí Wọ́n Rántí Wọn

Fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀ ní Awo, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ, ní Ẹdẹ tó múlé gbè é, àti ní àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹ́ ìtàn tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ fúnra wọn lọ́wọ́ sí. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń kó wọn jọ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ya irú wọn, kó tó lè sọ pé òun mọ ẹni tí òun ń wò.

Èkó ni iṣẹ́ fọ́tò ti kọ́kọ́ rẹsẹ̀ walẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, àwọn adúláwọ̀ bíi George Da Costa àti N. Walwin Holm, ẹni tó ti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, wá, ti ń fi iṣẹ́ náà jẹun níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ rélùwéè gba Ẹdẹ kọjá, tó sì dé Òṣogbo ní 1907, ọ̀nà là fún ọjà àti iṣẹ́ ọwọ́ tuntun láti etíkun wá sí àárín ilẹ̀.

Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, ìlú mìíràn nílẹ̀ Ọ̀ṣun, ní 1975, ó sì gbé ohun tó rí jáde ní 1978. Ó rí i pé fọ́tò àgbà, ìyẹn fọ́tò ẹni tó ti di ẹni iyì láwùjọ, ní ìlànà tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń yà yóò jókòó, yóò dojú kọ ẹ̀rọ gangan, yóò gbé ọwọ́ lé itan tàbí orúnkún, kí agbádá tàbí ìró rẹ̀ lè tẹ́ rẹrẹ, gbogbo ara rẹ̀ yóò sì hàn láti orí dé ẹsẹ̀. Ohun tó ń fi ipò hàn kì í gbẹ́yìn, yálà ìrùkẹ̀rẹ̀ olóyè ni tàbí ìwé mímọ́ onígbàgbọ́. Ẹni tó bá wò ó lónìí lè rò pé inú onítọ̀hún kò dùn nítorí pé kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àṣìṣe gbáà ni, torí ìwà tútù tí àwùjọ ń retí lọ́dọ̀ àgbà ni ojú tó rọ̀ wọ̀ọ̀ yẹn ń fi hàn. Àwọn agbẹ́gilére ní ìlànà tó fara pẹ́ èyí, tí wọ́n ń pè ní jíjọra, èyí ni pé kí ère jọ ènìyàn níwọ̀n, kó má ṣe jọ ọ́ jù.

Ibi tí iṣẹ́ fọ́tò ti wọnú àṣà jù lọ ni ọ̀rọ̀ ìbejì. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, Ifá lè ní kí òbí gbẹ́ ère ìbejì, ère igi kékeré tí ìyá yóò máa wẹ̀, tí yóò máa wọ̀ láṣọ, tí yóò sì máa fún lóúnjẹ bí ọmọ tó wà láàyè, nítorí ìgbàgbọ́ pé ọkàn kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ní. Nígbà tí ẹ̀sìn Kìrìsítẹ́nì àti Ìsìláámù gbilẹ̀, tí ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ gbé ère sílé mọ́, àwọn kan nínú wọn gba ilé oníṣẹ́ fọ́tò lọ. Bí ìbejì náà bá jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, oníṣẹ́ fọ́tò yóò ya èyí tó kù láyé, yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, kó lè dà bíi pé ọmọ méjì jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, yóò ya èyí tó kù nínú aṣọ tirẹ̀, yóò tún yà á nínú aṣọ irú èyí tí èkejì ìbá wọ̀, yóò sì so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lè rí ojú àsopọ̀ náà láàárín. Ẹni tó ń kó fọ́tò jọ tí kò mọ àṣà yìí yóò kọ “ọmọ méjì” sẹ́yìn fọ́tò ọmọ kan, ìbànújẹ́ ìyá tó sanwó fún fọ́tò náà yóò sì pa rẹ́ kúrò nínú ìtàn.

Irú fọ́tò mìíràn tún wà, èyí tí àlejò yà. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó dé Ìbàdàn ní 1950 láti ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, gbé Ẹdẹ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, lásìkò Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè, ọba Ẹdẹ tó gorí ìtẹ́ ní 1946 tó sì lókìkí nínú ìlù lílù. Ìwé tí Beier kọ lórí àwọn ọdún òrìṣà Ẹdẹ, tòun ti fọ́tò, jáde ní 1959 láti ọwọ́ Nigeria Magazine. Iwalewahaus, ilé àṣà tí ó dá sílẹ̀ ní Bayreuth nílẹ̀ Jámánì ní 1981, àti ibùdó àṣà àwọn aláwọ̀dúdú tó wà ní Òṣogbo, ni wọ́n ń tọ́jú ohun tó kó jọ. Ọpẹ́ tọ́ sí i, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tó yà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ojú tirẹ̀ ló fi yan ohun tó yà, nígbà tó jẹ́ pé nínú fọ́tò pálọ̀, ẹni tó jókòó ló yan aṣọ, ló yan ọjọ́, ló sì fi owó ara rẹ̀ sọ bí òun ṣe fẹ́ kí àwọn ọmọ òun rántí òun. Nínú méjèèjì, ti pálọ̀ ni ẹ̀rí tó jinlẹ̀ jù nípa ìwà àwọn ènìyàn Awo àti Ẹdẹ.

Fọ́tò pálọ̀ kò ní ilé ìpamọ́ bí ti Beier, ọwọ́ ìdílé ló wà, níbi tí ikán, ọ̀rinrin àti ìpínyà ogún ti ń bá a jà. Nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí funfun ti ń hàn ní dúdú, tí wọ́n sì fi ń tẹ fọ́tò tuntun, máa ń di ìdọ̀tí nílé oníṣẹ́ fọ́tò tó bá ti kú. Kí àwọn ọmọ oníṣẹ́ fọ́tò má ṣe dà á nù. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì béèrè orúkọ, oríkì àti agboolé ẹni tó wà nínú fọ́tò lọ́wọ́ àgbà tó ṣì mọ̀ ọ́n, kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, nítorí yíǹkì bírò lè ràn dé ojú fọ́tò.